Bí Mo Ṣe Di Oníbàárà Ọkọ Mi

Pobẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ṣábẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo sì lọ́kọ sí. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ìjọba ló gbé e wá sí lékóòlù Ṣábẹ̀ kí àwọn Faransé tó gbé ìjọba sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ síbòmíràn, àgbẹ̀ kan ti ń yà kí i nílé nítorí tèmi. Ìyá mi kò fẹ́. Ó ní òun kò rán ọmọ níwèé kí ó lọ máa ru iṣu. Bàbá mi wò ó, ó ní, "Èwo nínú iṣu tí à ń jẹ ni ẹnì kan ò rù?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira ni mo wọlé ọkọ.

Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jọ ń dá oko bàbá wọn lọ́nà Bóní. Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi náà ń kírun nígbà tó bá rántí, èmi ń lọ sí mísà lọ́jọ́ Àìkú, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Oko náà tóbi ju ohun tí ọkùnrin méjì lè fọwọ́ ro lọ. Iṣu ni olórí rẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀pà tẹ̀lé e, a sì ń gbin òwú díẹ̀ nítorí pé òwú ni ìjọba ń fẹ́. Nítorí náà, ọdọọdún ni wọ́n máa ń gba alágbàro.

Àwọn alágbàro ni wọ́n ń ta agbára ọwọ́ wọn fún àgbẹ̀. Wọ́n á ro oko, wọ́n á kọ ebè, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á kọjá sí oko ẹlòmíràn. Òkè Atakora ni àwọn tiwa ti ń wá. Díẹ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ wá ro ilẹ̀ àgbàdo nígbà òjò àkọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ebè ni gbogbo wọn ń dé. Bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paraku, wọ́n á sọ̀ ní Ṣábẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Olórí wọn jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ó gbọ́ Faransé ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ti bá wọn ṣe sójà rí. Yóò rin ilẹ̀ náà yíká, yóò ki ọkọ́ bọ̀ ọ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, yóò sì sọ ohun tó máa gbà lórí igba ebè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi á ní ó ti pọ̀ jù. Wọ́n á jọ jókòó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n á máa wo oko. Tó bá ṣe díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á mẹ́nu ba oúnjẹ, a ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀.

Oúnjẹ yẹn ni iṣẹ́ tèmi àti ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá gba alágbàro tí kò bọ́ wọn yó, ebè wẹ́wẹ́ ni yóò bá lóko. À ń gúnyán lọ́sàn-án, à ń ro ọkà nírọ̀lẹ́, à ń pọn omi láàárín méjèèjì. Títí wọ́n á fi lọ, apá mi kì í lè gbé gèlè dé orí. Mo ń sọ èyí kí ó lè yé yín pé, nígbà tí ìròyìn dé pé ẹ̀rọ kan wà tó ń túlẹ̀ tí kì í jẹ iyán, àwa obìnrin ni inú wa kọ́kọ́ dùn.

Ọkùnrin kan láti òdì kejì ààlà, lọ́nà Ṣakí, ló ni ẹ̀rọ náà. Katakata ni. Ó so irin ìtulẹ̀ mọ́ ọn nídìí, àwo irin ńláńlá tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ń ti oko dé oko, ó ń túlẹ̀ fún ẹni tó bá lè sanwó. Àdìdó, abúlé kan nítòsí Ṣábẹ̀, ló kọ́kọ́ yà sí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi lọ bá a pé kí ó yà lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ àgbàdo tí àwọn alágbàro máa ń bá fà fún ọjọ́ pípẹ́, kí oòrùn tó yẹ̀ lórí ni katakata ti tú u, ilẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ ní pupa bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn kùn. Àwọn ará ìlú wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó fọ́ ọ lọ́wọ́, ó ní, "Ó dára." Lọ́dún yẹn, ẹ̀rọ ló tú ti àgbàdo, àwọn alágbàro ló kọ ebè iṣu, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí i.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọkùnrin katakata ṣèlérí pé òjò àkọ́rọ̀ kò ní bá òun lẹ́nu iṣẹ́ ẹlòmíràn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, a kò rí i. Èkejì rọ̀, a kò rí i. Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àdìdó, wọ́n ní ó wà níwájú. Ó lọ síwájú, wọ́n ní ó ti padà sí Ṣakí lọ tún táyà ṣe. Àwọn tó fọwọ́ ro oko wọn ti gbin àgbàdo, ó ti ń yọ, ilẹ̀ tiwa ṣì wà nínú koríko. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó tọrọ àforíjì dáadáa. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dá òun dúró lójú ọ̀nà ni òun kọ́kọ́ ń ṣe fún, òun kò lè pín ara òun sí méjì. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ó tú ilẹ̀, a gbin, àmọ́ òjò ti dáwọ́ dúró kí àgbàdo tó gbó. Nígbà tí a bó èèpo rẹ̀, ọmọ díẹ̀ ló wà lára kùùkù, bí eyín arúgbó.

Ọkọ mi ò pariwo. Ó kó kùùkù àgbàdo náà síwájú ilé, ó jókòó tì í. Nígbà tí mo gbé omi fún un, ó ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò tún ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́."

Lásìkò yẹn, àwọn òyìnbó tó ní oko níhà ọ̀dọ̀ wa ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n kàn rí i pé ayé ti yí. Ọ̀kan nínú wọn ń gbin tábà lọ́nà odò Ọ̀párá, ó sì ń ta ohun tí kò lè gbé wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ mi gbọ́ pé katakata wà nínú ohun tó ń tà. Ó bẹ mẹkaníìkì kan tó ń bá àwọn ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́, wọ́n jọ lọ wò ó. Wọ́n bá a lábẹ́ àtíbàbà koríko, adìyẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀. Mẹkaníìkì náà tú u wò, ó ní ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ nìkan ló gbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ará ilé jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé owó tèmi, èyí tí mo kó jọ nídìí gàrí tí mò ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, wà lára ohun tí ọkọ mi fẹ́ fi rà á.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹṣin tí èèyàn yá gùn, kì í ṣe ẹni tó yá a ló ń wá koríko fún un. Bí katakata ará Ṣakí bá kú lónìí, àìsùn rẹ̀ ni, kì í ṣe tiwa."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yá ẹṣin gùn, ìgbà tó bá wu ẹlẹ́ṣin ló ń dé ibi tó ń lọ. Ẹ rí àgbàdo wa."

"Mo rí i. Àgbàdo ọdún kan ni. Àwọn alágbàro kò já wa kulẹ̀ rí. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, èkejì á gba ọkọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ṣàìsàn ńkọ́?"

"A ó tọ́jú rẹ̀."

"Ta ló mọ ìtọ́jú rẹ̀?"

"Màá kọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, kí lẹ̀yin rí sí i?" Ìgbà tó bá ń bi mí ní ìbéèrè tó le ló máa ń fi ẹ̀yin pè mí.

Mo ní, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí láti máa gúnyán fún ọgbọ̀n ènìyàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Mo mọ odó.

Ní ìparí, ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní fi owó òun sí i, òun kò sì ní bínú sí i. Wọ́n á máa dá oko pọ̀ bí wọ́n ṣe ń dá a, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á jẹ́ ti ọkọ mi. Ọkọ mi ta màlúù tí ó fi sọ́dọ̀ Fúlàní, mo fi tèmi kún un, wọ́n sì wa katakata náà wọ Ṣábẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Àwọn èèyàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ọkọ mi jókòó lórí rẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, nítorí ó ń bẹ̀rù kí ó má lọ gbá ìsọ̀ ẹnì kan. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè sọ pé inú mi kò dùn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí katakata náà fún wa ni kí a máa wú kùkùté. Ọkọ́ lè yà fún kùkùté. Àwo irin kò lè yà fún un, yóò ṣẹ́ ni. A wú kùkùté títí ọwọ́ wa fi bó. Nígbà tó kan àwọn igi òrí, ọkọ mi fẹ́ gé wọn kúrò kí ọ̀nà lè tọ́ fún ẹ̀rọ. Àwa obìnrin kọ̀, nítorí àwa la ń ṣa èso wọn, òróró tí à ń tà inú rẹ̀ ló ti ń wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n dúró sídìí ọ̀kan, ó ní, "Ìgbà tí katakata yín bá so òrí, kí ẹ gé eléyìí." Ẹ̀gbọ́n gbè wá lẹ́yìn. Ọkọ mi fi wọ́n sílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀rọ yí wọn po bí ẹni ń jó yí àgbà ká.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yẹn, ọjọ́ kejì ni a ti túlẹ̀. Àgbàdo wa ló kọ́kọ́ yọ ní gbogbo ọ̀nà Bóní. Ọkọ mi á jí, á nu ẹ̀rọ náà, á bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó kọ́ ìtọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ó ń lọ bá mẹkaníìkì ojú irin nígbà tí iṣẹ́ kò bá sí, ó ń bi í ní ìbéèrè bí ọmọ lékóòlù. Nígbà tí olórí alágbàro yà kí wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò lọ́dún náà, ọkọ mi sọ fún un pé a kò ní gbà wọ́n mọ́, pé a ti ní ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà wo katakata, ó mi orí, ó ní, "Ó dára. Oko pọ̀." Ó gba omi mu, ó lọ.

Ohun méjì ni a kò rò kí ọkùnrin yẹn tó lọ.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í kọ ebè. Ó lè tú ilẹ̀ kí ó rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń gbé ilẹ̀ náà ró kí iṣu lè rí ibi wọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbí ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n a ti sọ fún ara wa pé bí ilẹ̀ bá ti rọ̀, àwa fúnra wa á kọ ọ́. Ilẹ̀ náà rọ̀ lóòótọ́. Ó kàn pọ̀ ni.

Èkejì ni àwọn ẹbí. Kò pẹ́ tí a túlẹ̀ tiwa tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àbúrò ìyá wọn wá. Ẹni tó bá bàbá wọn mulẹ̀ wá. Ìmáàmù rán ènìyàn wá, kátíkíìsì mi náà sì bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn mísà. Àwọn mìíràn sanwó, àwọn mìíràn gbé adìyẹ wá, àwọn mìíràn dúpẹ́ nìkan. Ọkọ mi kò lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń jáde kí ojú tó là, ó ń wọlé pẹ̀lú eruku lójú bí ẹni tó sùn sínú ààrò. Kí ni ó sì ṣẹlẹ̀? Ilẹ̀ òwú tiwa dúró. Ilẹ̀ ẹ̀pà dúró. Bí mo bá béèrè, ó ní, "Tiwa kò lè sá lọ. Jẹ́ kí n ṣe ti àwọn wọ̀nyí." Ẹni tó ra ẹ̀rọ torí pé kò fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni, oko tirẹ̀ ló ń dúró.

Ẹ̀gbọ́n ń wò ó. Ìgbà tó yá, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó ń ro apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí àkókò ebè dé, mo rí i pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, iṣu ọdún tó ń bọ̀ kò ní tó jẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti títà. Mo béèrè ibi tí olórí alágbàro wà, wọ́n ní Àdìdó. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ bá a. Wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi, oúnjẹ wà níwájú wọn. Mo kí i, ó fún mi ní àpótí jókòó.

Mo ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ wà lóko wa."

Ó ní, "Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ wà. Kò lè kọ ebè."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti fún àgbẹ̀ tó ni oko yìí ní ọ̀rọ̀ àdéhùn, òun sì ti fún ẹni tó tẹ̀lé e ní ọ̀rọ̀. Bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, èwo ni òun máa wí fún wọn lọ́dún tó ń bọ̀? Mo bẹ̀ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní òun lè fún mi ní àwọn díẹ̀ nínú wọn nísinsìnyí, òun fúnra òun á sì wá nígbà tí òun bá parí níbí. Ṣùgbọ́n òun ní ohun kan láti béèrè.

"Ọkọ rẹ ra ẹ̀rọ, ó ní ká máa lọ. Bó bá ra òmíràn ńkọ́? Mo ń kó ènìyàn wá láti ọ̀nà jíjìn. Mo fẹ́ mọ̀ pé bí a bá sọ̀ nínú ọkọ̀, iṣẹ́ wà."

Mo ní, "Iṣẹ́ yóò wà."

"Ọ̀rọ̀ ta ni? Ti ọkọ rẹ tàbí tìrẹ?"

Mi ò tíì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní, "Tèmi ni."

Ó fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ti gbà.

Wọ́n wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti èmi tún kó odó jáde. Ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le kí wọ́n tó parí, nítorí náà ebè kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a rí iṣu jẹ. Ọkọ mi bá wọn nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan nígbà tó wọlé láti oko ẹlòmíràn. Ó kí olórí wọn, ó jókòó tì wọ́n, ó bá wọn jẹun. Kò bi mí ẹni tó pè wọ́n.

Kí ọdún tó yí po, katakata dùbúlẹ̀. Omi ń jò nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná títí ó fi kú sáàárín oko. Mẹkaníìkì ojú irin wò ó, ó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé omi káàkiri inú rẹ̀ ló bàjẹ́, Kùtọ́nú la ó ti rí i. A ránṣẹ́. Ọkọ mi wá di ẹni tó ń lọ dúró nídìí ọkọ̀ ojú irin bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọkọ̀ á dé, wọ́n á já ẹrù, kò ní sí tirẹ̀ níbẹ̀. Mò ń ta gàrí, mò ń wò ó láti ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ó máa tà á. Mo tilẹ̀ rò pé ó máa dára tó bá tà á.

Ọkùnrin Ṣakí ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí katakata wa láàárín oko, ó sì dúró. A rò pé yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé oníbàárà rẹ̀ púpọ̀ ni ọkọ mi ti gbà. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi náà wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ni à ń rí lóde, à ń gbọ́ ohùn wọn. Ó ní irú ẹ̀rọ kékeré náà wà nílé òun, ti òun ti gbó ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́ títí ti Kùtọ́nú yóò fi dé. Nígbà tí ó padà wá pẹ̀lú rẹ̀, ó sùn lọ́dọ̀ wa. Mo gúnyán fún un. Òun àti ọkọ mi sọ̀rọ̀ táyà àti epo títí iyán fi tutù. Kí ó tó lọ, wọ́n ti pín ọ̀nà: òun á mú apá ààlà, ọkọ mi á mú láti Àdìdó dé Bóní, bí iṣẹ́ ọ̀kan bá pọ̀ jù, èkejì á ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti èmi. Ó ní òun kò ní dá oko mọ́, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òun fẹ́ máa ṣe. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fi oko sílẹ̀ nínú ìdílé wọn rí.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ tí ò ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni mo ti mọ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ni yóò wá dá apá tìrẹ?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú mú un mọ́ tiyín."

"Mo ti dàgbà. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi tó mi."

Mo ní, "Èmi á dá a."

Wọ́n jọ wò mí. Obìnrin Ṣábẹ̀ ń gbin ẹ̀pà, ó ń gbin ata, ó ń gbin ilá sẹ́bàá ebè ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí obìnrin ni oko iṣu lórúkọ ara rẹ̀, kí ó máa bá alágbàro dúnàádúrà, èyí kò wọ́pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo ní mo ti fún olórí alágbàro ní ọ̀rọ̀, wọn yóò sì sọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí òjò bá ń parí, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ó ronú. Ó dìde, ó ní kí n tẹ̀lé òun. A rìn dé oko, ó sì fi ààlà hàn mí láti igi dé igi, bí bàbá wọn ṣe fi han òun. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ebè yín tóbi jù lápá ìsàlẹ̀. Omi ń dúró síbẹ̀."

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo di àgbẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú, mo jáde sí iwájú ilé wa láàárọ̀, mo bá àwọn ènìyàn lórí àga tí wọ́n ń dúró de ọkọ mi. Bàbá arúgbó kan láti Àdìdó wà níbẹ̀, obìnrin opó kan, àwọn mìíràn. Ọkọ mi ń da epo sínú katakata. Mo sún mọ́ ọn.

"Bàbá Ìbejì, ìgbà wo lẹ máa tú tèmi?"

Ó wo àwọn tó jókòó. "Àwọn wọ̀nyí ti dé ṣáájú rẹ."

"Inú ilé yìí kan náà ni mo sùn. Báwo ni wọ́n ṣe dé ṣáájú mi?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àdìdó ní kí ó jọ̀wọ́ ṣe ti ìyàwó rẹ̀ ná. Ọkọ mi ní rárá. Ó ní bí òun bá fi tèmi ṣíwájú, lọ́la àbúrò ìyá òun á ní kí òun fi tòun ṣíwájú, ní ọ̀túnla ìmáàmù á ránṣẹ́, ilẹ̀ bàbá yìí á sì gbẹ. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Inú bí mi. Mo wọlé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń kùn. Nígbà tí inú mi rọ̀, mo rí i pé ohun tó sọ fún bàbá yẹn ni èmi ì bá fẹ́ kí ọkùnrin Ṣakí sọ fún ẹlòmíràn nítorí tiwa lọ́dún tí àgbàdo bàjẹ́. Mo lọ jókòó sẹ́yìn opó náà. Nígbà tó kàn mí, ó tú ilẹ̀ mi, mo sì fún un lówó níwájú gbogbo ènìyàn. Ó kà á, ó fi sápò.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe é báyìí: katakata fún àgbàdo àti ẹ̀pà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́jú tí òjò kì í dúró deni, alágbàro fún iṣu, àti fún gbogbo ibi tí igi òrí wà. Nígbà tí ọwọ́ ọkọ mi bá dí jù, mo máa ń bẹ ará Ṣakí. Ọkọ mi kì í bínú sí i. Àwọn ọdún kan wà tí mo fi ọkọ́ ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí epo kò sí. Ìgbà tí àwọn sójà ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn ní Kùtọ́nú ni, ohunkóhun lè wọ́n láàárọ̀, kí a má sì rí i rà rárá lálẹ́. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ọkọ mi á máa yí i ká. Èmi á máa wo ojú sánmà, mi ò ní bínú pé kì í ṣe èmi ni mo ni ín. Ní ọdún tí ara àwọn alágbàro kò yá, tí ibà mú wọn lọ sílé, katakata ló gbà mí.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí èwo ló dára jù, kí a ra tiwa ni tàbí kí a máa gba ti ẹlòmíràn. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ràn. Ọkọ mi fẹ́ràn ẹ̀rọ, ó sì yẹ kí ó ní in. Èmi fẹ́ràn iṣu. Bí a bá fi katakata yẹn lé mi lọ́wọ́, bí mo ti mọ ara mi, ìpáàrà ni ì bá jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n, títí ó fi kú, kò gùn ún rí. Àmọ́ ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nígbà tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó rán ọmọ rẹ̀ sí ọkọ mi pé kí ó wá tú ìwọ̀nba ilẹ̀ kan fún òun. Ó jókòó lórí àga lẹ́bàá oko, ó ń wò ó. Ọkọ mi kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì gbà kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bá ara wọn fà á títí, kí wọ́n tó fi àgbò kan parí rẹ̀.

Ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ náà ba ẹ̀yìn ọkọ mi jẹ́ pẹ̀lú. Nígbà tó di pé kò lè jókòó lórí rẹ̀ pẹ́ mọ́, ó tà á fún ará Bóní kan, ó sì ṣí ìsọ̀ kékeré lẹ́bàá ìdí ọkọ̀ ojú irin, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ìsọ̀ rẹ̀ àti ibi gàrí mi kò jìnnà síra. Ní àkókò òjò àkọ́rọ̀, tí mo bá fẹ́ lọ bá ẹni tó ń túlẹ̀ dúnàádúrà, mo máa ń ní kó sìn mí lọ. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ owó. Yóò lọ dúró ti katakata ọkùnrin náà, yóò ní kí ó tàn án, yóò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ díẹ̀. Bí a bá ti ń lọ sílé, yóò sọ fún mi bóyá kí n sanwó sílẹ̀ tàbí kí n dúró kí ó kọ́kọ́ tú u tán.